Oúnjẹ Tí Í Gbé Ni Dúró: Ẹ̀kọ́ Lórí Dídà Oúnjẹ Nínú Ikùn

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa nínú iṣẹ́ olùkọ́, ọ̀rọ̀ tí a mú wá sínú ìwé wa lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àjèjì, nítorí kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tí ebi kò pa rí. Ṣùgbọ́n ohun tí ó bá ti mọ́ ènìyàn lára jù ni kì í sábà bèèrè ìdí rẹ̀. Àwa pàápàá kò bèèrè, àfi ìgbà tí ọmọdé kan kọ́ wa lọ́gbọ́n ní sáà tí ó kọjá.

Nígbà náà ni a rán wa lọ sí ilé-ìwé kan ní ìgbèríko láti lọ fi ẹ̀kọ́ kíkọ́ dánra wò. Kíláàsì kẹrin ni a fi lé wa lọ́wọ́, ìṣirò sì ni iṣẹ́ wa ní agogo 11 òwúrọ̀. Ọmọkùnrin kan wà níbẹ̀ tí í máa jókòó lẹ́bàá fèrèsé. Ní agogo 8 ààbọ̀, kò sí ẹni tí ó já fáfá tó o nínú kíláàsì náà. Ṣùgbọ́n bí agogo 11 bá ti lù, ojú rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀, ìṣirò tí ó mọ̀ ní òwúrọ̀ yóò sì di ohun àjèjì lójú rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni a fi bá a wí. Ní ọjọ́ kẹrin a ní kí ó kúnlẹ̀. A rò pé ọ̀lẹ ni. Ọ̀gá ilé-ìwé náà, bàbá àgbàlagbà kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ń kọjá lọ lẹ́yìn fèrèsé, ó rí ọmọ náà lórí ìkúnlẹ̀, ó wọlé, ó sì bi í léèrè pé, "Kí ni o jẹ láàárọ̀ yìí?"

"Ẹ̀kọ ni mo mu, sà."

"Kí ni o fi mu ún?"

"Ṣúgà díẹ̀ ni, sà."

"Ní ìgbà wo?"

"Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni, sà. Ìyá mi ń lọ sí ọjà."

Bàbá náà ní kí ó dìde, kí ó lọ jókòó. Kò bá wa wí lójú àwọn ọmọ. Nígbà tí a jáde tán ni ó wí fún wa pé, "Tíṣà, ọmọ yẹn kò sá fún ìṣirò yín o. Ẹ̀kọ tí ó mu ti tán lára rẹ̀ láti agogo 9." Ojú tì wá gidigidi. Ọ̀rọ̀ àwọn baba wa wá sí wa lọ́kàn pé ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Láti kékeré ni a ti ń pa òwe náà. A kò mọ̀ pé ìṣirò wà lára ọ̀rọ̀ mìíràn.

Láti ọjọ́ náà ni a ti ń wádìí nínú ìwé, tí a sì ń bi àwọn tí ó mọ̀ jù wá lọ léèrè. Èéṣe tí oúnjẹ kan fi ń tán kíákíá nínú ikùn, tí òmíràn sì ń gbé ni dé ọ̀sán? Kí ni yíyó gan-an? Bí ẹni tí ó sanra bá sì fẹ́ dín oúnjẹ rẹ̀ kù, ṣé dandan ni kí ebi máa fi ìyà jẹ ẹ́? Ìbéèrè ìkẹyìn yìí kò ti ọ̀dọ̀ ọmọ náà wá. Ọ̀dọ̀ ẹlẹgbẹ́ wa kan nínú kọ́lẹ́jì ni ó ti wá, a ó sì dé ibẹ̀ láìpẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ tẹ̀lé òkèlè kan láti ẹnu. Bí eyín ti ń lọ̀ ọ́ ni itọ́ ń bọ́ sí i, ohun kan sì wà nínú itọ́ tí í máa sọ èròjà funfun inú iṣu, gàrí àti àgbàdo, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní sítáàṣì, di ṣúgà. Bí ẹ bá fẹ́ rí òtítọ́ rẹ̀, ẹ fi búrẹ́dì díẹ̀ sẹ́nu, kí ẹ máa rún un fún ìṣẹ́jú méjì láìgbé e mì. Ẹ ó rí i pé ó ń dùn sí i. Láti ẹnu, oúnjẹ a gba ọ̀nà ọ̀fun lọ sínú àpòlúkù. Àpòlúkù a gba oúnjẹ pamọ́, a da omi kíkan sí i, a sì máa pò ó bí ẹni ń po ògì, títí ohun líle inú rẹ̀ yóò fi di wẹ́wẹ́, tí hóró rẹ̀ kò ní ju mìlímítà 1 sí 2 lọ. Ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni ẹnu-ọ̀nà tóóró kan wà. Orúkọ tí àwọn Gíríìkì ìgbàanì fi pe ẹnu-ọ̀nà yìí, ìtumọ̀ rẹ̀ ni oníbodè, orúkọ náà sì bá a mu púpọ̀. Nítorí gẹ́gẹ́ bí àwọn oníbodè ayé àtijọ́ ti ń dá oníṣòwò dúró títí yóò fi san owó ibodè, bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni èyí ń dá oúnjẹ dúró títí yóò fi kúnná. Omi kì í san ohunkóhun: bí ènìyàn bá mu ife omi kan nígbà tí inú rẹ̀ ṣófo, ìdajì rẹ̀ lè ti kọjá láàárín ìṣẹ́jú 10 sí 20. Ṣùgbọ́n oúnjẹ líle kì í bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá dáadáa títí di nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 sí 30, àjẹyó kan pátá a sì máa lo wákàtí 2 sí 4 kí ó tó kọjá tán, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bí òróró bá pọ̀ nínú rẹ̀.

Oníbodè yìí kò dá ṣe ìdájọ́. Ìfun kékeré tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀, tí gígùn rẹ̀ nínú àgbàlagbà jẹ́ nǹkan bí mítà 6, ni ó ń tọ́ ọ wò. Nígbà tí ọ̀rá tàbí oúnjẹ alágbára mìíràn bá ti bọ́ sínú ìfun náà, yóò ránṣẹ́ sẹ́yìn pé kí a rọra, kí òun lè rí àyè ṣe iṣẹ́ òun. Nítorí níbẹ̀ ni òróòro ti ń pàdé oúnjẹ, níbẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ jùlọ èròjà rẹ̀ ti ń wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ìfun ńlá, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí mítà kan ààbọ̀, ń fa omi tí ó ṣẹ́kù, iṣẹ́ tirẹ̀ a sì máa gba ọjọ́ kan sí mẹ́ta. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá wí pé oúnjẹ òun ti dà, ó yẹ kí a bi í pé ibo ni ó ti dà: ṣé nínú àpòlúkù ni, tàbí nínú ìfun? Ohun tí a ń pè ní ebi ní agogo 11, ọ̀dọ̀ àpòlúkù ni ó ti kọ́kọ́ ń wá.

Bí a ṣe kọ́kọ́ mọ iye àkókò tí oúnjẹ ń lò nínú àpòlúkù jẹ́ ìtàn tí ó yẹ kí gbogbo olùkọ́ mọ̀. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹfà ọdún 1822, ní erékùṣù Mackinac ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ìbọn ṣèèṣì yìn nínú ilé ìtajà àwọn oníṣòwò awọ ẹranko. Ó bá ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Alexis St. Martin, ọmọ ilẹ̀ Kánádà tí í máa wa ọkọ̀ ojú omi fún àwọn oníṣòwò náà, ní ẹ̀gbẹ́ òsì. Oníṣègùn àwọn ọmọ-ogun tí ó wà níbẹ̀, William Beaumont, ni a pè wá tọ́jú rẹ̀. Wọ́n rò pé kò ní rí ọjọ́ kejì, ṣùgbọ́n kò kú. Egbò náà sàn, ihò rẹ̀ ni kò dí mọ́: ojú kan ṣẹ́kù ní ẹ̀gbẹ́ ọkùnrin yìí tí ó wọ inú àpòlúkù rẹ̀ lọ tààrà, bẹ́ẹ̀ ni ènìyàn lè yọjú wo inú àpòlúkù ẹni tí ó wà láàyè.

Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹjọ ọdún 1825, Beaumont so ẹran màlúù oríṣi mẹ́ta, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ oníyọ̀, búrẹ́dì tí ó ti gbẹ àti ewé kábéèjì tútù mọ́ okùn ṣẹ́dà, ó sì gba ojú egbò náà tì wọ́n sínú ikùn ọkùnrin náà ní agogo 12 ọ̀sán. Lẹ́yìn wákàtí kan, ó fà wọ́n jáde. Búrẹ́dì àti kábéèjì ti dà dé ìdajì. Àwọn ẹran wà bí wọ́n ti wà. Ó dá wọn padà. Nígbà tí ó fi di agogo 2, búrẹ́dì, kábéèjì, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ àti ẹran màlúù bíbọ̀ ti tán lára okùn, ṣùgbọ́n ẹran méjì tí ó kù kò tíì yí padà tó nǹkan. Báyìí ni ó ń ṣe lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí ó fi tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní ọdún 1833, nínú èyí tí àkọsílẹ̀ àyẹ̀wò tí ó lé ní 200 wà. Ó to oúnjẹ lẹ́sẹẹsẹ pẹ̀lú iye àkókò tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi ń dà: ìrẹsì bíbọ̀, wákàtí kan, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ sísun, wákàtí 5 àti ìṣẹ́jú 15. Ó sì tún kíyè sí i pé nígbà tí inú bá ń bí St. Martin, iṣẹ́ àpòlúkù rẹ̀ a dàrú. Inú sì sábà máa ń bí i, kò sì ṣe ohun ìyanu, nítorí ọkùnrin náà jẹ́ tálákà. Bí a bá ti fa okùn jáde lára rẹ̀ tán, igi ìdáná dókítà náà ni yóò lọ máa là. Nígbà tí ó kú ní ọdún 1880, àwọn ará ilé rẹ̀ gbé òkú rẹ̀ pa mọ́ títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, wọ́n sì gbẹ́ ilẹ̀ jìn kí wọ́n tó sin ín, kí àwọn oníṣègùn má baà gé e wò. Àwa kò lè dá wọn lẹ́bi.

Àtẹ àkókò tí Beaumont kọ yìí kárí ayé, àwọn tí ó kà á sì ṣi nǹkan kan gbọ́, àṣìgbọ́ náà kò sì tíì kúrò nílẹ̀ títí di òní. Wọ́n rò pé oúnjẹ tí ó bá pẹ́ nínú ikùn ni yóò gbé ènìyàn dúró, àti pé èyí tí ó bá yára dà ni kì í yó ni. Lójú kíní, ó dà bí òtítọ́. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1995, ní Yunifásítì Sydney ní ilẹ̀ Ọsirélíà, Susanna Holt àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán oríṣi oúnjẹ 38 wò. Ìwọ̀n agbára kan náà, èyíinì ni kálórì 240, ni wọ́n fún àwọn ènìyàn jẹ láti inú ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń bi wọ́n léèrè ní ìṣẹ́jú 15, ìṣẹ́jú 15, fún wákàtí 2, bí wọ́n ti yó tó. Wọ́n fi búrẹ́dì funfun ṣe òṣùwọ̀n, wọ́n pè é ní 100. Pòtétò òyìnbó bíbọ̀ gba 323. Ẹja gba 225, ọsàn gba 202. Èyí tí ó kéré jùlọ ni búrẹ́dì àwọn ará Faransé tí a fi bọ́tà pò, tí wọ́n ń pè ní croissant: 47 péré. Ẹ kíyè sí èyí! Bọ́tà inú rẹ̀ ń mú kí oníbodè rọra ṣílẹ̀kùn, síbẹ̀ kò yó àwọn tí ó jẹ ẹ́. Ìdí rẹ̀ ni pé kálórì 240 láti inú rẹ̀ kò kún ọwọ́, nígbà tí ti pòtétò kún àwo. Oúnjẹ tí ó wúwo nínú àwo, tí omi àti okun inú ewébẹ̀ pọ̀ nínú rẹ̀, tí èròjà tí ń mú ara dàgbà bí ti ẹja àti ẹ̀wà sì wà nínú rẹ̀, òun ni ó yó wọn jù.

Kò sí iṣu, gàrí tàbí ọ̀lẹ̀ nínú oríṣi 38 náà. Ilẹ̀ àjèjì ni wọ́n ti ṣe é. Ṣùgbọ́n òfin kan náà ni ikùn wa ń tẹ̀lé.

Báwo wá ni ọpọlọ ṣe ń mọ̀ pé ikùn ti kún? Ọ̀nà rẹ̀ pọ̀. Bí àpòlúkù bá ti ń fẹ̀, iṣan tí ó ti inú rẹ̀ lọ sí ọpọlọ yóò máa gbé ìròyìn lọ. Bí oúnjẹ bá sì ti wọ ìfun, ìfun yóò tú àwọn òjíṣẹ́ sínú ẹ̀jẹ̀, tí wọn yóò lọ sọ pé ó tó. Òjíṣẹ́ ebi náà wà: ní ọdún 1999, Kojima àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Jàpáànù rí i, wọ́n sọ ọ́ ní ghrelin, láti inú àpòlúkù ni ó sì ti ń wá jù. A máa pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ kí a tó jẹun, a sì máa dínkù lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tí ó yà wá lẹ́nu nípa rẹ̀ ni pé ó mọ àkókò. Ẹni tí ó bá ti ń jẹun ní agogo 1 lójoojúmọ́, òjíṣẹ́ yìí yóò dìde fún un ní agogo 1, bí kò bá sì rí oúnjẹ jẹ, yóò tún rọlẹ̀ fúnra rẹ̀ nígbà tí ó bá yá. Gbogbo àwa tí a ti gbé inú ilé-ìwé tí àgogo ń lù ni a mọ ebi yìí dáadáa.

Ìròyìn yíyó kì í yára bí ìròyìn ìjàm̀bá. A máa gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 láti ìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa dáadáa. Ẹ̀yin náà ẹ wo yàrá ìjẹun wa! Àwọn kan wà (a kò tọ́ka sí ẹnikẹ́ni) tí ìṣẹ́jú 6 tó láti pa àwo ẹ̀bà rẹ́, tí wọn yóò sì dìde lọ wo bóyá ó kù nínú ìkòkò. Ikùn wọn kò tíì sọ̀rọ̀ tán tí ọwọ́ wọn ti padà sínú àwo.

Nísinsìnyí a lè padà sí ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ mímu ọmọ wa. Gbogbo wa ni a mọ bí a ṣe ń ṣe ògì: a rẹ àgbàdo fún ọjọ́ 2 tàbí 3, a lọ̀ ọ́, a sì sẹ́ ẹ. Èyí tí ó sẹ̀ ni a ń jẹ, èérí rẹ̀ ni a ń dà fún ewúrẹ́. Ṣùgbọ́n inú èérí ni okun àgbàdo wà jù, àti púpọ̀ nínú èròjà tí ń mú ara dàgbà, tó bẹ́ẹ̀ tí a fi lè wí pé ewúrẹ́ ilé ni ó jẹ ìdajì oúnjẹ òwúrọ̀ ọmọ náà. Èyí tí ó kù, bí a bá fi omi gbígbóná pò ó kí ó ṣeé mu, nínú ife 10, omi nínú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 9. Ó lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́, ó kún ikùn fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ohun líle kan nínú rẹ̀ tí oníbodè yóò dá dúró. Sítáàṣì tí ó kúnná bẹ́ẹ̀ a yára di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀, a sì yára tán. Ọmọ tí ó mu ú ní agogo 5 ààbọ̀, tí ó sì fi ẹsẹ̀ rin máìlì 3 wá sí ilé-ìwé, kí ni yóò kù lára rẹ̀ ní agogo 11?

Àwọn ìyá wa kò ṣaláìmọ èyí, bí wọn kò tilẹ̀ ka ìwé Beaumont. Nítorí kí ni a ṣe ń sọ pé ẹ̀kọ àti àkàrà, ẹ̀kọ àti ọ̀lẹ̀? Nínú gírámù 100 ẹ̀wà gbígbẹ, èròjà tí ń mú ara dàgbà jẹ́ nǹkan bí gírámù 23, sítáàṣì rẹ̀ sì wà nínú ìdì lílekoko tí ikùn kò lè tètè tú. Gàrí kò ní tó gírámù 2 nínú 100. Òun náà a máa wú nínú omi, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ ẹ́ ní òru ti mọ̀, a sì yó ni kíákíá. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi ẹ̀pà mu ún ni yóò sùn dé òwúrọ̀. Ewédú àti ilá ní ọlá tiwọn: yíyọ̀ inú wọn, tí àwọn àlejò kì í fẹ́, a máa mú oúnjẹ nípọn nínú ikùn, kì í sì í jẹ́ kí ṣúgà ya wọ inú ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Àbùkù kan ni a rí nínú àṣà wa, ìyẹn sì ni ti ọsàn. Àwọn ẹlòmíràn a máa jẹ ọsàn. Àwa a máa mu ún, a fa omi rẹ̀, a sì tu ẹran ara rẹ̀ dànù. Ní ọdún 1977, Haber àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn ènìyàn ní èso ápù ní odidi, wọ́n tún fún wọn ní omi rẹ̀ lásán. Omi náà yára lọ sísàlẹ̀ ní ìlọ́po 11 ju odidi èso lọ, kò sì yó wọn tó o. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ọsàn rí pẹ̀lú.

Ẹ jẹ́ kí a dé orí ẹlẹgbẹ́ wa tí a dárúkọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè. A kò ní sọ orúkọ rẹ̀, nítorí òun náà yóò ka ìwé yìí. Ó sanra, wọ́n sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lórí pápá eré ìdárayá. Ó pinnu láti fọn. Kò jẹun òwúrọ̀ mọ́, kò jẹun ọ̀sán. Omi ni ó ń mu. A máa gbà á níyànjú ní alẹ́, ṣùgbọ́n ní alẹ́ náà ni apá wa kò ká a, nítorí ẹ̀bà ènìyàn méjì ni í máa jẹ, tí yóò sì tún dìde ní òru lọ rẹ gàrí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, òòyì kọ́ ọ lórí pápá, ó sì ṣubú. Nígbà tí a gbé e sórí ìwọ̀n, kò fi nǹkan kan fúyẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó wí fún wa pé, "Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, bóyá egungun mi ni ó wúwo."

Kì í ṣe egungun. Ẹni tí ó bá fẹ́ fọn gbọ́dọ̀ jẹ kálórì tí ó kéré sí èyí tí ara rẹ̀ ń lò, kò sí ọ̀nà mìíràn. Ṣùgbọ́n ara kì í gba èyí láìjà. Àyẹ̀wò tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2002 fi hàn pé nígbà tí àwọn ènìyàn bá ti fọn nípa dídín oúnjẹ kù, ghrelin inú ẹ̀jẹ̀ wọn a pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ebi tí ó ń pa ẹlẹgbẹ́ wa kì í ṣe àìní ìkóra-ẹni-níjàánu nìkan, gẹ́gẹ́ bí àwọn kan nínú wa ti ń fi ṣe ẹlẹ́yà. Nítorí náà a bá a jókòó, a sì yí oúnjẹ rẹ̀ padà láìpa ọ̀kan rẹ́. Ní òwúrọ̀, ẹ̀wà sísè dípò omi lásán. Ní ọ̀sán, ìdajì àwo jẹ́ ẹ̀fọ́, ẹja kan wà níbẹ̀, ẹ̀bà sì tó ìkúnlọ́wọ́ kan. Epo ni a ṣọ́ jù, nítorí gírámù epo kan ní kálórì 9, nígbà tí gírámù sítáàṣì kan ní 4 péré. Ṣíbí ńlá epo kan ti tó kálórì 120, kò sì sí ẹni tí ó yó nítorí ṣíbí epo kan. A ní kí ó máa fi ọwọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn òkèlè mẹ́ta mẹ́ta, kí ó sọ̀rọ̀ díẹ̀. Ní oṣù méjì, ó fi kílógírámù 3 fúyẹ́. Kò pọ̀, ṣùgbọ́n kò tún ṣubú mọ́, gàrí òru sì dáwọ́ dúró. Ó ṣì ń ráhùn pé ẹ̀wà òwúrọ̀ ń mú inú òun kùn. A kò lè sẹ́ ẹ, gbogbo wa ni a ń gbọ́ ọ.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi irú èyí lọ àwọn ọmọ tí ń dàgbà, tàbí aboyún àti ìyá ọlọ́mọ. Ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ tàbí ọgbẹ́ inú, kí ó kọ́kọ́ lọ bá dókítà rẹ̀.

Bí a ṣe fi ọ̀rọ̀ yìí kọ́ kíláàsì kẹrin ni ó kù. A ṣe àṣìṣe kan ní ìbẹ̀rẹ̀ tí a kò fẹ́ kí ẹ̀yin náà ṣe. A bi àwọn ọmọ léèrè ní gbangba ohun tí wọ́n jẹ láàárọ̀. Ọmọbìnrin kan dìde, ó ní ìrẹsì àti adìẹ ni òun jẹ. Àwọn tí ó bá a gbé àgbàlá kan náà bú sẹ́rìn-ín, ọmọ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọkún. Láti ọjọ́ náà, orí ìwé ni wọ́n ń kọ ọ́ sí, láìkọ orúkọ.

Ohun tí ó dùn mọ́ wọn jù ni àyẹ̀wò tí a fi itọ́ ṣe. Ẹ po ògì kí ó ṣàn bí omi, kí ẹ sè é, kí ẹ jẹ́ kí ó lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́, kí ẹ sì pín in sínú ife méjì. Kí ọmọ kan tu itọ́ sínú ọ̀kan, kí ó rò ó, kí ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ mú ife náà kí ó má baà tutù. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 20, ẹ kán áyódíìnì tí a fi ń tọ́jú egbò sínú méjèèjì, ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan. Èyí tí kò ní itọ́ yóò dúdú bí aró. Èyí tí ó ní itọ́ kò ní dúdú tó bẹ́ẹ̀, bí itọ́ bá sì pọ̀ tó, kò ní dúdú rárá, nítorí sítáàṣì rẹ̀ ti di ṣúgà. Ti gàrí kò gba ohun èlò kankan: ẹ wọn ìdajì ife gàrí, ẹ da omi sí i, kí àwọn ọmọ sì fi ìlà sàmì sí ibi tí ó dé ní ìṣẹ́jú 5, ìṣẹ́jú 5. Wọ́n pariwo débi pé kíláàsì kejì wá wo ohun tí ń ṣẹlẹ̀.

Àwa àti ọ̀gá ilé-ìwé tọ ìyá ọmọkùnrin wa lọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Ó gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀, ó sì gbọ́ ọ̀rọ̀ wa dé òpin. Lẹ́yìn náà ni ó wí pé, "Ẹ ṣeun, ẹ̀yin Tíṣà. Ṣùgbọ́n agogo mélòó ni ẹ fẹ́ kí n dìde kí ẹ̀wà tó jinná? Igi ìdáná ńkọ́?" A kò rí èsì fọ̀. Ọ̀gá ni ó dáhùn pé, "Ìyá wa, kí ẹ rẹ ẹ́ sómi ní alẹ́, yóò yára jinná, bí ẹ bá sì sè é pẹ̀lú oúnjẹ alẹ́, ẹ kàn máa gbé e kaná díẹ̀ ní ìdájí ni. Ọjọ́ tí kò bá sí ẹ̀wà, kí ẹ di ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀pà kan sí i lápò." Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní ẹ̀pà kò ní ṣòro, nítorí òun gan-an ni òun ń tà á.

Ọmọ náà ń mú ẹ̀pà wá, kì í ṣe lójoojúmọ́. Ọ̀gá ilé-ìwé náà sì ti yí àtẹ iṣẹ́ padà: ìṣirò wà ní agogo 8 ààbọ̀ fún gbogbo kíláàsì, iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n ń ṣe ní agogo 11.